Ààrò Mẹ́ta

Mo yẹ súwíìṣì wò bí ẹni ń yẹ àgbò iléyá wò:
mo gbé e nílẹ̀, mo mì í, mo dẹtí sí ikùn rẹ̀,
mo fi ìka ka ihò rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé mẹ́rìnlélógún.
Ihò méjì ti ká eyín, bí ẹnu ọmọ ọdún méje.
Láṣùpọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alẹ́kúwodò,
ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù lọ́wọ́.
"Ti báńkì ni," ó ní. "Báńkì tó kógbá wọlé ní Ìkìrun."

Ó wọ́ ńlá kan jáde, oníhò méjìdínláàádọ́ta,
ó ní ọba wọn nìyí, ó ń fún fóònù àti kámẹ́rà níná jẹ.
Kí ni kí n fọba ṣe nínú yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀?
Ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe, n kò fẹ́ dá báńkì sílẹ̀.
Mo ní kó tàn án. Yéè!
Fáànù rẹ̀ ké bí ẹ̀rọ ìlagi.
Ìyá mi, tí ìyẹ́ ẹ̀fọn lásán ń jí lójú oorun,
yóò ní kí n mú ọ̀kan, òun tàbí irin.

Kékeré kan wà níbẹ̀, aláìnífáànù, ó dákẹ́ bí àwo.
Ṣùgbọ́n kò gbọ́ àṣẹ.
Ohun tí a kò lè pàṣẹ fún, kí la fẹ́ kọ́ lára rẹ̀?
Mo dá a padà sórí pẹpẹ.

"Ọ̀kan tó ọ," ni Láṣùpọ̀ wí,
kó tó rántí pé òun ń tajà.
Rárá o. Ọ̀kan kò rẹ́ni bá jiyàn.
Méjì dà bí tọkọtaya: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí.
Mẹ́ta ni mo fẹ́. So mẹ́ta pọ̀ yípo,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á máa pòòyì láàárín wọn,
á máa bí ara rẹ̀ lọ́mọ títí gbogbo ilé á fi dákú,
àfi tí wọ́n bá yan olórí láàárín ara wọn,
tí wọ́n sì ti ọ̀nà kan pa.
Ibẹ̀ ni ìdánwò ti gbé mi ṣubú lọ́dún tó kọjá.
Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù;
èmi tí mo fi ìwé nìkan ṣe ààrò, ọbẹ̀ mi dànù.

Ó pè é lọ́kẹ̀ẹ́ mẹ́jọ, a fà á wá sí mẹ́fà,
gbogbo àjọ mi lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù.
Ó fi wáyà aláwọ̀ aró tó ti ṣá ṣe ènì.
Mo gun ọ̀kadà, irin mẹ́ta lórí itan mi bí ìbẹta.

Aago méjì òru, iná dé.
Mo tẹ bọ́tìnnì iwájú mọ́lẹ̀, mo ka ẹ̀ẹ́dógún,
ó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì.
Kò gbàgbé ìyókù.
Lára ihò kẹtàdínlógún, ẹnìkan ti kọ ọ́ pé:
tábìlì Ìyá Folú, ẹ má yọ ọ́.
N kò mọ Ìyá Folú.
Bóyá ó ń ta gáàrí ní Ìkìrun,
bóyá ó wà ní Kánádà, ó ń gbọ́mọ fún Folú.
Mo ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ bí ìwé ṣe wí:
orúkọ báńkì, yàrá tí wọ́n pín, òfin tí wọ́n fi ṣọ́ owó.
Mo dé ihò kẹtàdínlógún, ọwọ́ mi dúró.

Orí ìdúró yẹn ni iná lọ.
N kò tíì fi nǹkan kan pamọ́.
Nígbà tí wọ́n mú un padà ní ìdájí,
báńkì ti ṣí: yàrá rẹ̀, òfin rẹ̀,
ó tún ń bi mí ní ọ̀rọ̀ aṣínà,
Ìyá Folú sì ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá mi ti jí.
Ẹ káàárọ̀, mà, ni mo ń wí fún irin.